Ṣé iṣẹ́ dókítà ni wọ́n gbé fún mọ̀lẹ́bí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. A gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní ká máa mú un lọ sílé, pé mọ̀lẹ́bí kan náà ni kó máa bá a wá nígbà gbogbo. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ti iṣẹ́ wọn sí wa lọ́rùn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ara ìtọ́jú ni mọ̀lẹ́bí wà, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti fi èyí hàn wá.

Àhámọ́ fún àwọn alárùn ọpọlọ ni ìjọba amúnisìn kọ́ fún wa, bíi ti Yábàá ní 1907. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo gba àkóso Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Àwọn abúlé tó wà nítòsí ló yíjú sí. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó láti fi kún yàrá wọn, àwọn aláìsàn sì ń háyà á. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn gbé: òun ló ń se oúnjẹ, tó ń fọṣọ, tó ń mú un lọ gba ìtọ́jú. Nípa bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí aláìsàn bá padà sílé, ẹnìkan ti wà níbẹ̀ tí kò bẹ̀rù rẹ̀, tó mọ oògùn rẹ̀, tó sì mọ bí àìsàn náà ṣe máa ń yọjú.

Ní 1961, ikọ̀ Aro àti ti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọ inú abúlé àti ìgboro Abẹ́òkúta, wọ́n ń bi àwọn ará ilé léèrè nípa oorun, ìpayà àti ìbànújẹ́. Wọ́n bá àìsàn ọpọlọ níbẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kò lè ká irú ìyẹn láéláé. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ní 1975, àwọn onímọ̀ àjọ ọ̀hún dámọ̀ràn pé kí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ìlànà ìlera ọpọlọ ti Nàìjíríà ní 1991 gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹbí àti oògùn ni Aro fi ṣe é pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ti ẹbí nìkan ni ìjọba gbé; ẹ dé ibùdó ìlera, oògùn ò sí.

Nítorí náà, ẹni tó ń sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú àbúrò yín ni kó máa bá a lọ, kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà dilẹ̀. Kó kọ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kó sì béèrè ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín tó ń tà á. Oògùn yìí lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ara bá yá: wọ́n á ní kò nílò rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń gbọ́ ohùn tàbí ó ń rí ohun tí kò sí, ó kéré tán, a ṣì máa ń fún un ní oògùn fún ọdún kan lẹ́yìn tó ti gbádùn, dókítà nìkan ló sì lè dá a dúró. Bí ẹ bá ń lo àgbo, ẹ sọ fún wa, nítorí òmíràn máa ń bá oògùn jà. Tí kò bá ti sùn fún òru méjì, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Ẹ gbé e wá.