Ère Colston tí wọ́n jù sómi: kí ni kí n wí fún ọmọ mi?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la kó wá lọ́dún tó kọjá. Ilé ìwé kó ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ sí mùsíọ́ọ̀mù M Shed, ó rí ère Edward Colston, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, tí wọ́n wó nígbà ìwọ́de Black Lives Matter (ìwọ́de fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú) ọdún 2020. Ó délé, ó ní: "Mọ́mì, ṣebí ẹ ní kò dáa kéèyàn ba nǹkan onínǹkan jẹ́? Kí ló dé tí wọ́n wá jù ú sómi?" Ẹnu mi wọhò. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi ọ̀rọ̀ òyìnbó sílẹ̀ fún òyìnbó.

Ìdáhùn òbí mìíràn: Àǹtí mi, ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan o. Royal African Company, ilé-iṣẹ́ òwò ẹrú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Colston ti ṣe igbá-kejì olórí, ra ẹrú ní Ouidah, ní Benin tòní. Láàárín ọdún tó fi wà nínú òwò náà, nǹkan bí 84,000 ènìyàn ni wọ́n kó sọ́kọ̀. Bí 19,000 nínú wọn ò fojú kan èbúté. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń sàmì sí wọn láyà.

Èmi náà ti mú àwọn tèmi lọ. Ère náà nà gbalaja, ọ̀dà pupa àti búlúù ṣì wà lára rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ní ṣé ó ń sùn ni. Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọdún wo ni Colston kú. 1721. Ọdún wo ni wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró? 1895. Ó ṣírò ẹ̀ títí: ọdún 174! Òyìnbó fúnra wọn ti fòfin de òwò ẹrú nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ère pé ọmọlúàbí àti ọlọgbọ́n ni. Ìyìn ni wọ́n gbé dúró síbẹ̀, kì í ṣe ìtàn. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ àkọlé tuntun fún ọdún bíi mélòó kan, wọn ò fẹnu kò, títí okùn fi bọ́ sí i lọ́rùn ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2020.

Ẹ má pa ti nǹkan bíbàjẹ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu, ìbéèrè gidi ni. Wọ́n gbé mẹ́rin nínú àwọn tó wó ère náà lọ sí kóòtù, wọ́n dá wọn láre ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ìyàwó mi ṣì ní ìjọba ìlú ló yẹ kó gbé e kúrò. Èmi ní wọ́n ti ní àkókò tó.

Ẹ tún mú un rìn dé afárá Pero, kò jìnnà sí M Shed. Ẹrú ni Pero, láti Nevis, erékùṣù kan ní Caribbean, ni ọ̀gá rẹ̀ ti mú un wá sí Bristol. Ẹ̀gbẹ́ afárá yẹn ni wọ́n ti ti Colston sómi. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì fún un, atẹ́gùn ibẹ̀ ò mọ ọmọdé.