Lánlọ́ọ̀dù já wáyà iná wa: ṣé kí n kó jáde ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe l'Ágége. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí èmi, ọkọ mi àtàwọn ìbejì wa ti ń gbé yàrá àti pálọ̀ níbí. Ọmọ ìlú ìyá mi ni lánlọ́ọ̀dù wa, ìyá mi ló bá wa bá a sọ̀rọ̀ kí a tó rí ilé náà. Owó ọdún méjì ló gbà lọ́wọ́ wa nígbà tí a dé, látìgbà náà ọdọọdún la sì ń san án sí àkáǹtì ìyàwó rẹ̀. Kò fún wa ní rìsíìtì rí, a ò sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan. Èyí tí a san gbẹ̀yìn ṣì ku oṣù márùn-ún. Lóṣù tó kọjá ló sọ pé owó ilé ti di ìlọ́po méjì, kí a san ti ọdún méjì papọ̀, tàbí kí a kó jáde bí oṣù bá ti parí. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Láàárọ̀ Sátidé ó mú oníná wá, wọ́n já wáyà tó wọ yàrá wa. Ó ní ọlọ́pàá ló máa bá òun kó ẹrù wa síta. Port Harcourt lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì tíì sọ fún un torí ó máa ń tètè bínú. Ìyá mi ní mi ò gbọdọ̀ pe àgbàlagbà lẹ́jọ́, pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Agége.

Àbúrò mi, o kú ìfaradà o. Má kó jáde. Má gbé àpò aṣọ kan ṣoṣo kúrò nínú yàrá yẹn nítorí pé ẹnì kan já wáyà.

Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ. Ẹni tí ẹ ní kó fẹ́ yín lójú ló fi ata sẹ́nu yìí. Ọkùnrin tó mọ ìyá rẹ, tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ lo fi ń bọ́ ọmọ, ló wá já iná mọ́ ọ lára. Òfin ò sì fojú kékeré wo irú ìwà bẹ́ẹ̀. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí ní 2011, sọ nínú abala 44 rẹ̀ pé ẹni tó bá fipá lé ayálégbé jáde, tàbí tó gbìyànjú rẹ̀, tàbí tó fi ọ̀rọ̀ tàbí ìwà halẹ̀ mọ́ ọn kó lè kó jáde, ti dẹ́ṣẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 250,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà. Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Agége wà lábẹ́ rẹ̀ gbáà.

Ọ̀rọ̀ "kẹ́ ẹ kó jáde bí oṣù bá ti parí" yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí àdéhùn tó sọ nǹkan míì, tí ẹ sì ń sanwó lọ́dọọdún, nóòtísì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Bó bá tiẹ̀ kọ ọ́ lónìí, oṣù márùn-ún tó kù nínú owó yín á ti tán kí nóòtísì náà tó pé. Tó bá pé, á tún fún yín ní nóòtísì ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè pàṣẹ pé kí ẹ jáde, òṣìṣẹ́ kóòtù ló sì máa wá mú àṣẹ náà ṣẹ. Tó bá wá fún ọ ní ìwé lóòótọ́, gbà á, kọ ọjọ́ tó o gbà á sẹ́yìn rẹ̀, tọ́jú rẹ̀. Má ṣe fà á ya o.

Ní ti ọlọ́pàá, fọkàn balẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí aáwọ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀daràn, tàbí nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Ọ̀rọ̀ owó ilé ò kàn wọ́n. Bí wọ́n bá wá, kí wọn dáadáa, ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ kóòtù hàn ọ́.

Lónìí, kí oníná kankan tó fọwọ́ kan wáyà yẹn, ya fọ́tò ibi tí wọ́n ti já a, kí ojú mítà náà hàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí bàbá náà lórí WhatsApp. Má bú u, má sì halẹ̀ mọ́ ọn. Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, láàárọ̀ Sátidé ni ẹ mú oníná wá já iná yàrá wa. Owó ilé tí a san ṣì ku oṣù márùn-ún, a ò sì tíì rí nóòtísì kankan gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá iná náà padà. Mo tún ń bẹ yín fún rìsíìtì gbogbo owó tí a ti san. Ẹ ṣeun, sà."

Bó bá fèsì pé òun ò ní dá a padà, ó ti bá ọ kọ ẹ̀rí sílẹ̀. Bó bá pè ọ́ lórí fóònù dípò kó kọ̀wé, gbọ́ ọ tán, kó o sì tún tẹ ohun tó sọ ránṣẹ́ sí i: "Sà, ẹ ní báyìí báyìí lórí fóònù." Rìsíìtì tó ò ní yẹn, ẹ̀bi tiẹ̀ ni. Òfin ló ní kí onílé kọ rìsíìtì, ìtanràn sì wà fún ẹni tí kò bá kọ ọ́. Lọ sí bánkì rẹ, gba àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó ti jáde lọ sí àkáǹtì ìyàwó rẹ̀.

Owó ọdún méjì tó ń béèrè ńkọ́? Onílé ò gbọdọ̀ gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún. Jọ̀wọ́ fetí sí èyí dáadáa: òfin náà mú ẹni tó gbà á, ó sì mú ẹni tó san án, 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Torí náà, kódà bí ẹbí yín bá dáwó fún yín, ẹ má san ọdún méjì mọ́. Òfin ò ní kí onílé má fowó lé ilé o. Ṣùgbọ́n bí àfikún náà bá pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kóòtù lè bá yín gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, torí mo rí i pé òun gan-an ló ń dùn ọ́. Òótọ́ lòwe tí wọ́n pa, mi ò ní bá wọn jiyàn. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ lo ba ọ̀rẹ́ yẹn jẹ́. Ọjọ́ tó mú oníná wá ló ti bà á jẹ́. Ìdí tí mi ò sì fi ní kó o sáré lọ sí kóòtù nìyí: ìjọba Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn parí ìjà, Citizens' Mediation Centre, àwọn ènìyàn ń pè é ní CMC. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á kọ̀wé pe bàbá náà, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó, onílàjà á gbọ́ tẹnu yín, ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí á di kíkọ sílẹ̀, ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Mú ìyá rẹ dání lọ. Kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ ìlú wọn máa sọ lójú ẹlòmíì. Bó bá kọ̀ tí kò wá, tó sì ń halẹ̀ síwájú, Office of the Public Defender, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń gbèjà aráàlú, ní lọ́yà tí kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó di ti kóòtù.

Sọ fún ọkọ rẹ lálẹ́ òní. Bó bá ti ẹnu aládùúgbò gbọ́, ìbínú rẹ̀ á di méjì, ó sì lè wọ mọ́tò wálé wá nà án. Ẹni tó bá na onílé ló ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀daràn nínú ọ̀rọ̀ tó jàre. Fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, sọ ètò tó o ti ṣe, kó lè rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ ẹ.

Ká má tan ara wa, bàbá yìí ò fẹ́ yín nílé rẹ̀ mọ́, ilé rẹ̀ ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà lọ́nà tó tọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé míì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, láàárín àkókò tí òfin fún yín. Bí oṣù márùn-ún náà bá pé tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ má jókòó sílé láìsanwó, torí gbèsè owó ilé ló máa ń pa ẹjọ́ ayálégbé. Ẹ san iye tí ẹ ti ń san tẹ́lẹ̀ láti bánkì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí ibi àlàyé owó náà pé owó ilé ni, yàrá àti pálọ̀, láti oṣù báyìí dé oṣù báyìí.