Ìbéèrè àti ìdáhùn: Gretl àti Stata fún mi ní èsì méjì, èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni mo wà. Mo ń kọ mémoire mi, ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ mi, lórí bí iye náírà sí sẹ́fà ṣe ń kan owó àgbàdo ní ọjà Ouando. Oṣooṣù ni dátà mi, láti 2018 dé 2023. Gretl, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣírò dátà, ni mo lò, mo sì yan robust, àṣẹ tó ń tún ìwọ̀n iyèméjì èsì ṣe, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó ní ipa náírà kò dájú. Ọ̀rẹ́ mi lo dátà kan náà nínú Stata, sọ́fítíwià tí à ń fowó rà, tí wọ́n bá a fi sórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan, òun náà yan robust, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní ipa náà dájú dáadáa. Wọ́n ní ohun ọ̀fẹ́ tí mo lò ló kó bá mi, pé ìgbìmọ̀ kò ní gbà á. Mo ti fi àwòrán èsì méjèèjì ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú akitiyan. Láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń múra ìgbèjà mémoire ni irú ìbéèrè yìí ti ń dé ọwọ́ mi léraléra. Màá dá ọ lóhùn ní gbangba kí àwọn yòókù lè rí i kà.

Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú méjèèjì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìwọ béèrè lọ́wọ́ gretl, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ béèrè lọ́wọ́ Stata, kálukú sì gba ìdáhùn ohun tó béèrè.

Padà lọ wo àwòrán méjèèjì. Coefficient náírà, ìyẹn iye tó ń sọ bí owó àgbàdo ṣe ń yí tí náírà bá yí, ọ̀kan náà ni níbi méjèèjì, títí dé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. O ò wo ibẹ̀, p-value, nọ́ńbà tí a fi ń pinnu bóyá ipa dájú, ni ojú rẹ sáré lọ bá. Ibi tí wọ́n ti yà ni standard error, ìwọ̀n iyèméjì tó yí coefficient ká. Ká ní coefficient jẹ́ 0,40. Bí standard error bá jẹ́ 0,15, tí o bá fi pín in, 2,67 ni wàá rí, gbogbo ènìyàn á sì ní ipa wà. Bí ó bá jẹ́ 0,25, 1,6 ni wàá rí, kò dé nǹkan bíi 2 tí à ń wá, wọ́n á ní kò dájú. Iye kan náà, ìdájọ́ méjì.

Kí ló wá fà á? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: robust. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ yàn án, ẹ sì rò pé ohun kan náà ló túmọ̀ sí níbi gbogbo. Nínú Stata, tí o bá kọ regress tí o fi robust sí i lẹ́yìn, ọ̀nà tí Halbert White gbé jáde ní 1980 ló ń lò. Ọ̀nà yẹn gbà pé ìṣìrò lè ṣì púpọ̀ ní oṣù kan ju òmíràn lọ, ṣùgbọ́n ó ka oṣù kọ̀ọ̀kan sí àjèjì sí èkejì rẹ̀. Gretl kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí o bá ti sọ fún un pé dátà oṣooṣù ni, tí o sì ní kó ṣe robust, HAC ló ń lò, ọ̀nà tí iṣẹ́ Whitney Newey àti Kenneth West ní 1987 sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. HAC mọ̀ pé oṣù ń jogún oṣù, pé àṣìṣe oṣù kan lè ran èyí tó tẹ̀ lé e.

Ìwọ fúnra rẹ mọ Ouando. Bí àgbàdo bá wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ ní oṣù kẹfà, ṣé o máa ń retí kó padà sípò ní ọjọ́ kìíní oṣù keje? Ìyá tó ń tà á kò ní gbà. Oṣù 72 ni dátà rẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́rìí 72. Àwọn ẹlẹ́rìí tó ti jókòó sọ̀rọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó wọ kóòtù ni wọ́n. Tí o bá ka ẹ̀rí wọn bí ẹni pé kálukú dá wá, ìdánilójú rẹ yóò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ nìyẹn. Èsì gretl tí wọ́n ní kí o jù nù ló sún mọ́ òótọ́ jù fún irú dátà rẹ.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, dán an wò. Nínú gretl, ṣí fèrèsé script, kọ set force_hc on sí ìlà kìíní, set hc_version 1 sí ìkejì, kí o wá tún ols rẹ, àṣẹ tó ṣe ìṣírò náà, ṣe pẹ̀lú --robust. Bí iye oṣù tí ẹ lò bá dọ́gba, nọ́ńbà inú Stata ọ̀rẹ́ rẹ gẹ́lẹ́ ni yóò jáde. Kí òun náà lo newey dípò regress (tsset, àṣẹ tó ń sọ fún Stata pé dátà tẹ̀ léra ní oṣooṣù, ni kó kọ́kọ́ ṣe), kó fi bandwidth, iye oṣù tí HAC wò sẹ́yìn, tí gretl kọ sórí èsì rẹ̀ sí ibi lag, tirẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tìrẹ mu. Ìyàtọ̀ bíńtín lè ṣẹ́kù, torí Stata ń fi àtúnṣe díẹ̀ kún un nítorí dátà tó kéré.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yìí. Ó ń bí mi nínú, nítorí owó oúnjẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó fún àwọn tó ń sọ ọ́. Wọ́n ń wò ó bí ẹni pé gretl jẹ́ àlòkù tí ẹnì kan jù sílẹ̀. Allin Cottrell ti Yunifásítì Wake Forest ní Amẹ́ríkà àti Riccardo Lucchetti tó wà ní yunifásítì Ancona ní Ítálì ló ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Lórí kóòdù tí Ramu Ramanathan ti Yunifásítì California ní San Diego kọ́kọ́ kọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ econometrics ni gbogbo wọn, wọ́n sì fi kóòdù náà sílẹ̀ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè yẹ gbogbo ìlà rẹ̀ wò. Ní ọjà, òṣùwọ̀n tí a lè yí padà ká wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n lù ú wọlé, ṣé òun kọ́ la fọkàn tán jù?

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan wà, NIST ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ wọn ni òṣùwọ̀n. Wọ́n kó àwọn dátà kan jọ tí wọ́n ti ṣírò ìdáhùn wọn pẹ̀lú ìṣọ́ra ńlá, kí ẹni tó bá kọ sọ́fítíwià lè fi dán tirẹ̀ wò. Dátà tí Longley fi jáde ní 1967 wà nínú rẹ̀: ọdún 16 péré, láti 1947 dé 1962, ṣùgbọ́n àwọn òpó dátà náà jọra wọn débi pé ó ti dójú ti ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià. Ìdánwò NIST wà nínú gretl tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ lónìí, nínú Outils. Tẹ̀ ẹ́, kí o wo èsì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ bá ní ohun ọ̀fẹ́ kì í ṣírò dáadáa, ojú ewé yẹn ni kí o fi hàn án. Síbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ olùdarí rẹ kí o tó parí, torí ilé ẹ̀kọ́ kan lè ní sọ́fítíwià tí òfin rẹ̀ yàn. Bí wọ́n bá yàn, tẹ̀ lé e.

Mi ò bá Stata jà. Sọ́fítíwià gidi ni, èmi náà ti lò ó. Èyí tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń bá jà. O ò mọ ọwọ́ tó tú u, o ò mọ ohun tí wọ́n fi kún un, o ò sì lè sọ ibi tí o ti rí i nínú mémoire rẹ. Ti gretl, ìwé àṣẹ GPL rẹ̀ gbà ọ́ láàyè láti dà á kọ. Wà á lẹ́ẹ̀kan ní cyber láti gretl.sourceforge.net, gbé e sórí clé USB, pín in fún gbogbo kíláàsì. Kò lòdì sófin.

Ohun tó tún burú jù ni àwọn tó ń gba owó láti "ṣe regression" fúnni, ìyẹn ìṣírò bí ohun kan ṣe ń kan òmíràn. Lọ́dún kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé iṣẹ́ tí irú wọn ṣe fún un wá bá mi, ìgbèjà rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin. Owó ẹ̀wà wà nínú dátà rẹ̀, ṣùgbọ́n iye tó kéré jù jẹ́ 1, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 41. Ẹ̀wà sẹ́fà kan? Bí àwa níbí ṣe ń kọ nọ́ńbà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Kọ́mà la fi ń ya odidi nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá tó tẹ̀ lé e, bíi 412,5. Stata retí àmì ìdánudúró (.), ó wá ka òpó náà sí ọ̀rọ̀ lásán. Ọkùnrin tó gba owó iṣẹ́ náà fi àṣẹ encode "tún un ṣe". Encode kì í sọ ọ̀rọ̀ di iye, ó kàn ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni: 1, 2, 3. Destring pẹ̀lú dpcomma ló yẹ kó lò. Ọmọ náà sunkún lójú mi, a sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní òru méjì. Sọ́fítíwià yòówù kí o lò, wo iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù kí o tó ṣe ohunkóhun.

Ó ku ohun kan tí o ò béèrè, ó sì tóbi ju ohun tí o béèrè lọ. Owó àgbàdo àti iye náírà, méjèèjì ló ń rìn lọ tí wọn kì í padà sílé. Ní 1974, Clive Granger àti Paul Newbold fi ohun méjì tí kò mọ ara wọn rí ṣe regression, àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń rìn gbéregbère bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbà ni ìdánwò sọ pé wọ́n bára wọn tan. HAC kò lè gbà ọ́ níbẹ̀. Mo rí i nínú àwòrán rẹ pé R², ìwọ̀n bí ìṣírò ṣe bá dátà mu, ga ju Durbin-Watson, ìwọ̀n bóyá àṣìṣe oṣù kan ń ran èkejì, lọ, àmì ewu tí àwọn méjèèjì kìlọ̀ nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn. Lo adf, ìdánwò bóyá òpó ń rìn gbéregbère, fún òpó kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà coint, ìdánwò bóyá wọ́n so pọ̀, fún méjèèjì pa pọ̀. Bí wọn kò bá so pọ̀, ìyípadà láti oṣù dé oṣù ni kí o lò. Rántí pẹ̀lú pé Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Dátà rẹ kò lè dákẹ́ lórí ìyẹn.

Àwòrán nìkan ni mo rí, mi ò tíì rí dátà rẹ, nítorí náà má kọ ọ́ síbì kankan pé mo fọwọ́ sí èsì rẹ. Fi fáìlì csv àti script rẹ ránṣẹ́, má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà mọ́, kí o sì fi èsì adf sí i. Màá wò ó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, láìgba kọ́bọ̀.