Ebòlò tí mo gbìn kò hù: kí ni mo ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́ igi obì bàbá mi ní Ṣágámù ni mo ti ń já ebòlò láti kékeré. Wọ́n ti gé obì náà, wọ́n sì ti kọ́lé síbẹ̀. Mo wá gba èso ebòlò lẹ́bàá ọ̀nà, mo kọ ebè méjì sẹ́yìnkùlé, mo gbìn ín bí mo ṣe máa ń gbin ilá, mo sì bo ilẹ̀ lé e dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, kò sí ohun tó yọ. Ṣé a kì í gbin ebòlò ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, à ń gbìn ín, ọwọ́ yín kò sì ní nǹkan ṣe. Ilẹ̀ tí ẹ bò lé e ló dá a dúró. Ìmọ́lẹ̀ ni èso ebòlò ń dúró dè kó tó hù. Ẹ rántí ibi tó ti máa ń yọ: oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sán tí wọ́n sì jó, abẹ́ igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Ibi tí oòrùn bá ti kan ilẹ̀ lásán ló ti ń jí.

Ìdílé kan náà ni òun àti ewúro, yánrin àti imí-eṣú. Ẹ wo òdòdó rẹ̀ dáadáa: bí ìgò tóóró, aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tó bá ń tanná, ó máa ń dorí kodò. Bó bá gbó, á gbórí sókè, á là, nǹkan funfun bí òwú á sì yọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbà á, kí afẹ́fẹ́ tó gbé e lọ. Ẹ fi ọwọ́ ra òwú náà kúrò, kí ẹ po èso rẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kó lè tàn ká.

Ẹ wá wọ́n ọn sórí ilẹ̀ tó kúnná, nínú bàsíà tí ẹ ti lu nísàlẹ̀. Ẹ má bò ó. Ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ má da omi lé e lórí o, ìgbálẹ̀ ni kí ẹ máa rì bọ omi, kí ẹ máa wọ́n ọn tàárọ̀ tàlẹ́. Ẹ lè fi imọ̀ ọ̀pẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ìbòòji sókè rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má sùn lé ilẹ̀. Tí ilẹ̀ kò bá gbẹ, ẹ ó máa rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mélòó kan lé e. Koríko á yọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ fi ìka méjì ra ewé kan kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ebòlò kò ṣe é ṣì.

Tó bá ti ní ewé mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ lọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì tó sẹ̀ntímítà 20 sí 25. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pátápátá ni kí ẹ pò mọ́ ilẹ̀, torí tútù á jó gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà ìkórè, ẹ má fà á tu. Orí rẹ̀ ni kí ẹ gé, á tún pa ẹ̀ka. Ẹ fi igi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún èso.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣàìsọ, torí mo mọ bí a ṣe fẹ́ràn ẹ̀fọ́ yìí tó. Ebòlò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní jacobine, ara àwọn tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ béèyàn bá ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Sísè kò fi dá wa lójú pé ó ti tán. Ẹ máa fi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ọbẹ̀ ojoojúmọ́, ẹ má sì fún omi rẹ̀ mu bí àgbo. Bí aboyún tàbí ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú bá wà nílé, ẹ má fi bọ́ wọn rárá.