Kí Ló Yẹ Kó Wà Lára Reed Diffuser Tí A Fẹ́ Tà, Èló Ló Sì Yẹ Ká Tà Á?

Ìbéèrè: Mò ń ṣe reed diffuser nílé, ìgò olóòórùn dídùn tí wọ́n ń ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀. Àwọn tí mo fún lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń fẹ́ rà á báyìí. Mo ti ní ìgò 100 ml, mo sì ti mú orúkọ fún ọjà náà. Kí ló yẹ kí n kọ sára rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa dá iye lé e tí mi ò fi ní jẹ gbèsè?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì tẹ lébẹ́ẹ̀lì o. Ohun tó wà nínú ìgò ló máa sọ ohun tí ẹ ó kọ sára rẹ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n tí ẹ ń pò, kí ẹ sì dúró lé e. Orí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí, nítorí òróró kan wúwo ju òmíràn lọ. Fún 100 g, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 25 g òróró olóòórùn àti 75 g DPG, ìyẹn dipropylene glycol, tàbí irú ohun olómi mìíràn tí wọ́n ṣe láti fi bu òróró là. Tí òróró bá kọjá 30 g, igi sábà máa ń tètè dí, ìkìlọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ á sì máa pọ̀ sí i.

Ìwé méjì ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta òróró fún yín. Àkọ́kọ́ ni ìwé IFRA, àjọ àgbáyé àwọn tó ń ṣe òórùn dídùn, tó ń sọ ìwọ̀n òróró tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá nínú ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ìlà 10A, ibẹ̀ ni reed diffuser wà. Iye tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni òpin. Tó bá jẹ́ 18 nínú 100 ni wọ́n kọ, 25 yín ti kọjá ààlà, bó ti wù kí òórùn rẹ̀ dùn tó. Ìkejì ni ìwé SDS, tó ń sọ ewu tó wà nínú òróró náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tó ti ń ta àbẹ́là tẹ́lẹ̀ á mú ìkìlọ̀ tó kọ sára àbẹ́là, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò diffuser torí pé òróró kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n òróró inú àbẹ́là sábà máa ń wà láàárín 6 sí 10 nínú 100. Ní 25, èròjà tí kò tó nǹkan nínú àbẹ́là lè ti di ohun tí òfin kà sí ewu fún awọ ara tàbí ojú. Bákan náà, SDS ti ògidì òróró á mú yín kọ ìkìlọ̀ tó le ju ti ọjà yín lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní èyí tí wọ́n ṣe fún 25 nínú 100. Bí kò bá ní in, ẹ sanwó fún ẹni tó mọ ìṣirò rẹ̀. Owó yẹn kì í ṣe àdánù.

Lẹ́yìn èyí, ohun tó máa wà lára ìgò ti hàn: orúkọ ọjà, iye ml tó wà nínú rẹ̀, orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín, nọ́ńbà tó ń fi ìgbà tí ẹ pò ó hàn, àwòrán ìkìlọ̀ olójú funfun tí ìlà pupa yí ká, gbólóhùn ewu àti ti ìṣọ́ra, pẹ̀lú orúkọ àwọn èròjà tí ara ẹlòmíràn kì í gbà, bíi linalool, limonene àti citral. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin CLP (1272/2008), tó wà fún ìkìlọ̀ lára ọjà oníkẹ́míkà, kò fẹ́ kí àwòrán ìkìlọ̀ kéré sí 1 cm². Òfin ibi tí ẹ ti ń tà á ni kí ẹ tẹ̀ lé, ní èdè tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ara ìgò gan-an ni kí ìkìlọ̀ wà, torí páálí kì í pẹ́ dé ààtàn.

Ẹ má rò pé òróró tí wọ́n fún láti ara ewé tàbí èèpo ọsàn yọ nínú èyí. Limonene ló pọ̀ jù nínú òróró èèpo ọsàn, tí ọmọdé bá sì gbé e mì, ó lè bá ọ̀nà òfuurufú wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìgò tó rẹwà, tó ń ta sánsán, tó wà lórí tábìlì tí ọwọ́ ọmọ tó: ohun tí ẹ ń tà nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ kó hàn ketekete pé kí wọ́n gbé e jìnnà sí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n má ṣe gbé e lé igi tí wọ́n kùn tàbí ike láìfi àwo sábẹ́ rẹ̀, nítorí òróró náà máa ń bó ọ̀dà. Ẹ má sì kọ pé ó ń mú oorun wá tàbí pé ó ń lé ẹ̀fọn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á sọ ọjà yín di oògùn tàbí apakòkòrò lójú òfin, èyí tó ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ dán lébẹ́ẹ̀lì wò kí ẹ tó tẹ púpọ̀. Ẹ kán àdàlù yín sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò fà á. Íǹkì inkjet á ṣàn, bébà á mu òróró títí á fi rí jálọjàlọ. Lébẹ́ẹ̀lì oníke tí wọ́n fi ẹ̀rọ laser tẹ̀ ló sábà máa ń dúró. Ẹ fi ọtí spirit nu ìgò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Òróró díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ ló ń mú kí etí lébẹ́ẹ̀lì ṣí.

Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, kí kọ́ọ̀kì wà lábẹ́ ìdérí, kí igi wà lọ́tọ̀, kí ẹ sì dá ìgò dùbúlẹ̀ fún wákàtí 24 láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ má kún un dé ẹnu, torí ooru máa ń mú kí òróró wú.

Kí ẹ tó kọ iye ọ̀sẹ̀ tó máa lò, ẹ ki igi 6 bọ ọ̀kan, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí 9 g bá ń lọ lọ́sẹ̀, 100 g á tó bí ọ̀sẹ̀ 11, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọ dé òpin, torí ohun tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ, ìyókù a sì máa falẹ̀.

Ní ti iye owó, ẹ ṣírò òróró, ìgò, igi, kọ́ọ̀kì, lébẹ́ẹ̀lì, páálí, ìgò tó fọ́, èyí tí ẹ fi dánwò, owó ìdíyelófò àti iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ká ní ó jẹ́ 10. Ẹ tà á ní 20 fún onísọ́ọ̀bù, 40 fún ẹni tó ń rà á lò. Tí ẹ bá fi 20 bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, ọjọ́ tí onísọ́ọ̀bù bá dé, yóò fẹ́ rà á ní 10, kò sì ní sí èrè kankan fún yín.

Òórùn méjì péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló nílò ìwé IFRA, SDS àti lébẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, bí ẹ bá sì pààrọ̀ ẹni tó ń ta òróró fún yín, kódà kí orúkọ òórùn náà má yí padà, ẹ gba ìwé tuntun.