Bírákẹ́ẹ̀tì sikáfóòdù tó ń ká: píìnnì àti ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe iye kílò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ní ẹ fẹ́ rẹ́ ìta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, pé àyè ẹ̀gbẹ́ ilé náà kò gba kí ẹ to sikáfóòdù, ìyẹn ibi ìdúró tí òṣìṣẹ́ ń gùn ṣiṣẹ́ lókè, láti ilẹ̀, ẹ sì ti rí àwọn bírákẹ́ẹ̀tì onírin tó ń ká, èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara ògiri kí wọ́n tó tẹ́ pákó lé e. Ẹ wá béèrè bí ẹ ṣe máa fi wọ́n jìnnà síra tó, àti pé ṣé bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò lè gbé wọn lára ògiri búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó dá yín lóhùn ṣáájú mi ní kí ẹ ṣáà ti wo iye kílò tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ má kọjá ibẹ̀. Ìdáhùn yẹn ló mú kí n kọ̀wé. Nǹkan méjì ló ń já èèyàn lulẹ̀ lórí ohun yìí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n kọ sára irin: píìnnì tó há oríkèé rẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ, àti ògiri tó wà lẹ́yìn bóòtù òkè.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí píìnnì, torí ibẹ̀ ló ti dùn mí dé egungun.

Bírákẹ́ẹ̀tì tí kì í ká, wọ́n ti jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di onígun mẹ́ta, kò sí ibi tó máa yẹ̀ sí. Èyí tó ń ká yàtọ̀. Irin kan lẹ̀ mọ́ ògiri, èkejì nà síta láti gbé pákó, ẹ̀kẹta wá ti èkejì lábẹ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Kí ó lè rọrùn láti kó rù, kí ó sì gba ojú fèrèsé kọjá, wọ́n fi oríkèé sí i. Tí ẹ bá nà án tán, píìnnì kan ni ẹ máa fi há a. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ohun tó bá wà lórí pákó, ara píìnnì yẹn ló ń gbà kọjá lọ sí ara ògiri. Bí ó bá yọ, tàbí tí ó ṣẹ́, kò sí onígun mẹ́ta mọ́. Irin náà á ká padà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rọ ọ́ pé kó máa ká, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni kò ní ibi tó máa ká sí.

Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti bá wọn ṣe, àwọn tó fi bírákẹ́ẹ̀tì háyà fún wa ti sọ púpọ̀ nínú píìnnì rẹ̀ nù. Wọ́n gé ráàdì sí àwọn kan, wọ́n ki ìṣó ńlá bọ àwọn yòókù, wọ́n wá fi ọ̀dà tuntun kun gbogbo rẹ̀, irin ń dán gbinrin. Nígbà tí a dè wọ́n tán, mo rí i pé ìṣó tó wà nínú ẹ̀kẹta láti igun ilé ń mì nínú ihò rẹ̀. Mo pe ọ̀gá tí wọ́n gbà láti máa yẹ sikáfóòdù wò. Ìsàlẹ̀ ló dúró sí. Ó gbójú sókè, ó fi ọwọ́ ṣíji ojú, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí wọ́n so káàdì aláwọ̀ ewé kọ́ ọ, pé ó ti yè kooro. Mo tún sọ fún un pé ìṣó ni, kì í ṣe píìnnì. Ó ní ìṣó náà nípọn ju píìnnì lọ. Ọkùnrin yìí kò gun àkàbà, kò fi ìka kan irin kankan, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ bíríkìlà ló wà lórí pákó yẹn, èmi wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo mọ́tà kan fún un, ó gbé e sí etí ìta kí ó lè rí àyè súnmọ́ ògiri. Mo gbọ́ ìró kan, kékeré báyìí, èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ ò ní gbọ́ ọ. Irin tó ti abẹ́ rẹ̀ yọ lójú ihò, apá tó nà síta ṣẹ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pákó dagẹ̀rẹ̀. Mọ́tà ló kọ́kọ́ lọ, òun náà tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ló fi balẹ̀, gìgísẹ̀ méjèèjì. Mi ò ní kọ bó ṣe ké síbí.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ, mo wá ìṣó náà kàn nínú yanrìn. Ó ti tẹ̀ lójú méjì, ní ibi tí etí irin ti ń gé e jẹ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ojú ibẹ̀ sì ń dán, ó hàn pé ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́. Ihò ara bírákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò rí roboto mọ́, ó ti fẹ̀ gùn bí ẹyin adìyẹ. Abẹ́ ọ̀dà ni gbogbo èyí wà. Ẹ wá mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé? Pé òṣìṣẹ́ gbé ẹrù tó pọ̀ jù sórí pákó. Àwo mọ́tà kan! Ẹni tó kọ ọ́ ni ẹni tó so káàdì aláwọ̀ ewé. Títí di òní, inú mi ṣì ń ru tí mo bá rí káàdì yẹn níbikíbi.

Kì í ṣe pé kò sí ìlànà. OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ nínú òfin rẹ̀ lórí sikáfóòdù: bírákẹ́ẹ̀tì onírin tó ń ká, tí ẹ bá ti nà án fún iṣẹ́, bóòtù ni kí ẹ fi dè é, tàbí píìnnì tó ní ohun tó ń tì í pa kí ó má baà yọ. Fún oríkèé yìí, kò dárúkọ ìṣó, kò dárúkọ ráàdì, kò dárúkọ wáyà. Nítorí náà, kí bírákẹ́ẹ̀tì kankan tó kúrò nílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín fa píìnnì rẹ̀ yọ, ẹ wò ó, ẹ dá a padà. Ó gbọ́dọ̀ la irin méjèèjì já, kí kílíìpù rẹ̀ sì yọ sódì kejì. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà tó wà ní àyíká oríkèé àti lójú ibi tí wọ́n jó pọ̀. Tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá hàn níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Tí mọ́tà gbígbẹ bá ti dí oríkèé tí kò jẹ́ kí irin nà tán, ẹ má fi òòlù lù ú kó lè wọlé. Ẹ fọ̀ ọ́.

Ó kan ògiri wàyí. Ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò fún wa gbé ẹrù sí àárín pákó nínú ìwé rẹ̀, ó ní ó pé. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ní àárín pákó? Ẹ wò ó báyìí. Ká ní apá tó nà síta gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, kí ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ló wà láàrin bóòtù òkè àti ibi tí ìdí bírákẹ́ẹ̀tì ti ń ti ògiri. Ẹ gbé kílò 200 sí etí ìta pátápátá. Ẹ sọ 200 di ìlọ́po 90, ẹ fi 60 pín in: kílò 300 ló ń fa bóòtù òkè jáde kúrò nínú ògiri, yàtọ̀ sí 200 tó ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ sún kílò 200 kan náà súnmọ́ ògiri, kó ku sẹ̀ǹtímítà 30, ohun tó ń fà á jáde á wálẹ̀ sí 100. Ẹrù kan náà, irin kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iye kílò ara irin kò sọ ohun gbogbo fún yín. Bírákẹ́ẹ̀tì kúkúrú tó ní apá gígùn ló burú jù nínú gbogbo wọn, òun gan-an ló sì máa ń wu èèyàn torí pé ó fúyẹ́.

Ẹ wá fojú inú wo bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò, kí ohun tó pọ̀ tó yẹn máa fà á. Bí ó ṣe ń fẹ̀ ló fi ń di ògiri mú. Nínú kọnkéré tó ti gbó dáadáa, ó dára. Nínú búlọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń tì, awọ yẹn á sán, bóòtù á sì jáde tòun ti èérún. Nítorí náà, rárá ni ìdáhùn mi. Lára ògiri búlọ́ọ̀kù, ẹ lu ihò já sínú ilé, kí bóòtù gùn dé òdìkejì, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ ńlá sí inú, tàbí igi tó nípọn tó dábùú búlọ́ọ̀kù mélòó kan, kí nọ́ọ̀tì tó dì í. OSHA náà ka bóòtù tó la ògiri já mọ́ ọ̀nà tó gbà láàyè fún irú bírákẹ́ẹ̀tì báyìí, àlàyé rẹ̀ sì ní kí ó má tín ju mílímítà 16 lọ. Tí bíìmù kọnkéré bá wà nítòsí, ẹ lọ bá a, ẹ fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Ẹ jìnnà sí etí fèrèsé.

Nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ: ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ògiri inú pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì yẹn. Ẹni tó ń rẹ́ inú ilé kò mọ ẹni tó wà níta. Nọ́ọ̀tì á dí i lọ́wọ́, á tú u.

Bí ilé náà kò bá tíì ní òrùlé, tí ògiri dá dúró láìsí ohun tó di orí rẹ̀ mú, ẹ má so bírákẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ rárá. Ohun tó ń fa bóòtù síta ń fa ògiri náà síta pẹ̀lú, ògiri tí mọ́tà rẹ̀ ṣì tutù á sì tẹ̀ lé e wálẹ̀.

Lórí bí wọ́n ṣe máa jìnnà síra: àlàyé OSHA ní kí ó má kọjá ẹsẹ̀ bàtà 8, ìyẹn bíi mítà 2.4, kí èèyàn má ju méjì lọ láàrin ìwọ̀n yẹn, kí irinṣẹ́ àti ẹrù wọn má sì ju 75 pọ́ùn, ìyẹn kílò 34. Ẹ dúró níbi kílò 34 yẹn. Mọ́tà tútù tó jẹ́ líítà 15 ti fẹ́ẹ̀ tó kílò 30. Àwo kan ṣoṣo nìyẹn! Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹni tó gbé òòlù àti ìṣó, kì í ṣe ẹni tó ń rẹ́ ilé. Fún irú iṣẹ́ tiyín, èmi ò ní jẹ́ kí ó kọjá mítà kan àbọ̀. Àwo mọ́tà kan náà ló máa wà lókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀bá ògiri ni kí ó sì wà. Kí ẹni tó máa wà lórí rẹ̀ tó gùn ún, ẹ rí i pé gbogbo ohun tí ẹ tò lè gbé ìlọ́po mẹ́rin ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé sí i. Òfin ni ìyẹn náà.

Bí ẹ ṣe máa lu ihò, bí ẹ ṣe máa ta okùn kí gbogbo wọn dọ́gba, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ fi páìpù so bírákẹ́ẹ̀tì kan mọ́ èkejì kí wọ́n má baà fì sọ́tùn-ún sósì. Pákó kọjá orí irin ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kó má sì ju 30 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá tẹ etí rẹ̀ á yí i dànù. Irin àfọwọ́dìmú lápá ìta, kó ga tó mítà kan. Bẹ́líìtì ààbò, ẹ má so ó mọ́ bírákẹ́ẹ̀tì náà, ẹ wá ohun mìíràn nínú ilé tó lágbára so ó mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so púlì kọ́ orí rẹ̀ láti máa fa mọ́tà sókè. Bí ẹni tó wà nílẹ̀ bá ń fa kílò 30 gba orí púlì kan, 60 ló ń tẹ orí irin, torí ìfà tirẹ̀ náà wà lórí rẹ̀.

Ti dókítà náà wà ńbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi lọ, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n yà fọ́tò. Ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ń dun òun, wọ́n ní ìrora ẹsẹ̀ ló gùn ún dé ibẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ ti rún pẹ̀lú. Ẹni tó bá já láti òkè tó fi gìgísẹ̀ balẹ̀, agbára yẹn máa ń gba ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn. Ẹ má gbé e dìde jókòó, ẹ má fà á, ẹ sì takú pé kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa lọ.

Ẹ kọ ọ́ síbí fún wa: búlọ́ọ̀kù yín ní ihò nínú ni àbí kò ní, ibo ni bíìmù kọnkéré wà sí ìsàlẹ̀ fèrèsé òkè, ṣé ẹ sì lè wọ inú gbogbo yàrá tó wà lápá ibẹ̀. Tí ẹ bá ní àwòrán oríkèé àti píìnnì bírákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ háyà fún yín, ẹ fi í síbí kí ẹ tó sanwó.