Ṣé a lè ra ilẹ̀ ní Tristan da Cunha?

Ìbéèrè: Southampton ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì sì wà lọ́wọ́ wa. Mo gbọ́ pé abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni erékùṣù Tristan da Cunha wà. Ṣé a lè ra ilẹ̀ síbẹ̀, ká kọ́ ilé tí a máa gbé tí a bá fẹ̀yìn tì? Báwo la sì ṣe lè débẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ò lè rà á, sà. Gbogbo ará ìlú ló jọ ni ilẹ̀ ibẹ̀, wọn kì í tà á fún àlejò, àlejò ò sì lè sọ ibẹ̀ di ibùgbé, ìwé ìrìnnà yòówù kó ní. Bí ilẹ̀ náà ṣe rí àti bí wọ́n ṣe tẹ ìlú ọ̀hún dó ló fà á.

Gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì ni àwọn erékùṣù yìí wà. Saint Helena ni erékùṣù táwọn èèyàn ń gbé tó sún mọ́ wọn jù, ó sì tó nǹkan bíi 2,400 kìlómítà síbẹ̀. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló gbé gbogbo wọn yọ láti ìsàlẹ̀ òkun: Tristan fúnra rẹ̀, Inaccessible, Nightingale, àti Gough tó dá wà lápá gúúsù. Òkè ayọnáyèéfín kan ṣoṣo ni Tristan. Kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 12 lọ, àmọ́ ó ga tó mítà 2,062. Níbi púpọ̀, etí omi gan-an ni àpáta ti gbéra, tí á sì lọ sókè gbọnrangandan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn ni ilẹ̀ ti tẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ náà ni oko pòtétò wọn wà: wọ́n fi òkúta mọ ògiri kúkúrú yí oko kéékèèké náà ká, kí afẹ́fẹ́ òkun àti ẹran ọ̀sìn má bàa bà á jẹ́. Tí wọ́n bá ń ta irú ilẹ̀ táṣẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ọmọ wọn fẹ́ jẹ?

Ọ̀gákọ̀ Potogí kan, Tristão da Cunha, ló rí wọn ní 1506. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ nígbà yẹn. Ní ìparí 1810, Jonathan Lambert, ará Salem ní Amẹ́ríkà, débẹ̀, ó ní òun lòun ni gbogbo ẹ̀. Ní 1812 ó kú sómi. Lọ́dún 1816 Gẹ̀ẹ́sì kó sójà lọ síbẹ̀, torí wọ́n ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má gbabẹ̀ lọ gba Napoleon, olú ọba Faransé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi sí àhámọ́, sílẹ̀ ní Saint Helena. Nígbà tí àwọn sójà ń padà lọ ní 1817, William Glass, ará Scotland, ní òun àti ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun ò lọ mọ́. Òun àti ọkùnrin méjì, Samuel Burnell àti John Nankivel, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: ohun ọ̀sìn àti ẹrù jẹ́ ti gbogbo wọn lọ́gbọọgba, ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀gá lórí ẹnì kejì. Lójú tèmi, kò sóhun tó ṣe pàtàkì tó ìwé yẹn nínú ìtàn wọn. Àwọn tí ọkọ̀ wọn rì wá kún wọn, àwọn obìnrin kan sì wá láti Saint Helena ní 1827 láti fẹ́ àwọn àpọ́n. Lónìí, wọn ò tó 250.

Àwọn aládùúgbò yín ní Southampton lè ṣì rántí wọn. Nígbà tí iná abẹ́ ilẹ̀ bú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé wọn ní 1961, wọ́n kó gbogbo wọn wá sí England, Calshot tó wà nítòsí yín ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Wọ́n dìbò: 148 ní àwọn máa padà, 5 péré ní àwọn ò lọ. Èyí tó pọ̀ jù padà sílé ní 1963.

Ẹ lè lọ ṣe àbẹ̀wò o, mo sì gbà yín níyànjú. Kò sí pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ ojú omi láti Cape Town ló ń lọ, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni, ààyè inú rẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú kí ẹ tó sanwó ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò fẹ̀ dáadáa, torí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ èbúté kékeré wọn. Tí òkun bá ń ru, inú ọkọ̀ lẹ máa wà títí á fi rọlẹ̀.